Mọ́fìnnì Elégédé àti Inú Rìnsọ́lá

Láti Co-op City, Bronx, nílùú New York, lásìkò tí ewé igi ń já.

Ìyábọ̀dé ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ṣé Lékè ń jẹun, ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ yẹn ti rọlẹ̀? Ọlọ́run tó ń jí mi lójoojúmọ́ nínú ilé gíga yìí, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹyẹ ni mo ń rí tí mo bá wolẹ̀, òun náà ni yóò máa jí yín l'Ékòó. Ẹkún ò ní wọlé yín. Èmi ìyá rẹ wà, ara mi le, ọkàn mi nìkan ni kò tíì balẹ̀. Sàrátù ọmọ Abẹ́òkúta tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe. Àbúrò rẹ̀, Mùnírù, tó ń bọ̀ nílé ni yóò mú un wá fún ọ.

Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ lórí fóònù ni pé nǹkan kan wà lórí tábìlì ní pálọ̀ Bánjí àbúrò rẹ níbí, ó rí roboto bí agolo mílíìkì, kò lẹ́nu, kò lójú, ṣùgbọ́n tí Rìnsọ́lá ọmọ rẹ̀ bá bi í pé ṣé òjò máa rọ̀ lónìí, yóò dá a lóhùn. Mo bi Bánjí pé ṣé ó ń gbọ́ Yorùbá, ó ní kò gbọ́. Mi ò gbà. Ohun tó mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀, kí ni Yorùbá jẹ́ fún un? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé yàrá Sàrátù la jókòó sí báyìí, a sì ti ilẹ̀kùn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibí ṣe rí, kí o lè mọ irú ẹ̀rù tó ń bà mí. Nígbà tí mo dé, igi ibí tutù yọ̀yọ̀. Àfi bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn ti pọ́n bí epo, tí ewé wọn sì ń já sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Kò sí ọ̀dá, iná ò jó wọn, kò sí ẹni tó fi àdá kàn wọ́n. Mo pe Doyin ìyàwó Bánjí sójú fèrèsé, mo ní ìyàwó mi, igi àdúgbò yín ń kú o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ọdọọdún ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tún rúwé. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ara mi ti sọ fún mi. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé elégédé sẹ́nu ọ̀nà. Elégédé o, èyí tí à ń sè jẹ nílé. Wọ́n gbẹ́ ojú sí i, wọ́n gbẹ́ eyín sí i, wọ́n wá tan iná sínú rẹ̀. Ìyá kan tó ń jẹ́ Jennifer, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa gan-an, tirẹ̀ tún wá ju ti gbogbo wọn lọ. Odidi eegun èèyàn ló gbé kọ́ ara ilẹ̀kùn, orí ń bẹ, ìhà ń bẹ, ọwọ́ ń bẹ, ẹran ni kò sí. Bánjí ní ike ni, pé eré ni wọ́n fi ń ṣe nítorí ọdún àwọn ọmọdé tó ń bọ̀. Mo ní ta ní ń fi òkú ṣeré? Látọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ jáde, màá kọ́kọ́ yọjú, màá wá fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá, màá di ìró mi mú kó má baà kàn án.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí ì bá má ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń run Rìnsọ́lá. O rántí pé wọ́n ti sọ fún wa tipẹ́ pé ọmọ náà ò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá fi fùláwà ṣe, nítorí ohun kan tó ń jẹ́ gúlútìnì, tó máa ń bá ìfun rẹ̀ jà. Wọ́n ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ títí, ara rẹ̀ yá, ó sanra, ó ń sáré kiri. Mo dé tán, kò pẹ́, inú tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń pòṣé lójú oorun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní ó ń jẹ gúlútìnì níbì kan. Doyin wá gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí nǹkan. Mo bi í pé báwo lojú gúlútìnì yìí ṣe rí, ó ní kò ṣeé fojú rí, inú oúnjẹ ló máa ń fara pa mọ́ sí. Àjíkẹ́, ohun tí kò ṣeé fojú rí, tó ń wá ọmọdé kiri, tó ń sá wọnú oúnjẹ rẹ̀, kí là ń pe irú rẹ̀ nílé? Mo kàn wo ilẹ̀kùn Jennifer, mo ní ibi tọ́rọ̀ wà rèé.

Èmi ni mo ti ń se ògì ọmọ náà láràárọ̀ látìgbà tí mo ti dé, ni mo bá sọ pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ọmọrogùn tí mo fi aṣọ wé nínú àpótí mi wá láti Ìlọràá ni mo fi ń rò ó, mi ò fọkàn tán ṣíbí wọn. Mo ń rò ó, mo ń gbàdúrà sí i, pé ohunkóhun tó bá sá pa mọ́ sínú ògì yìí, kó jáde kọ́mọ mi tó jẹ ẹ́.

Nítorí pé mi ò mọ̀wé, Doyin mú ọ̀rá búrẹ́dì kan wá, ó fìka tọ́ka sí àwòrán ara rẹ̀, ṣírí ọkà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní irun gígùn. Ó ní àlìkámà tí wọ́n ń kà nínú Bíbélì nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń ṣe fùláwà, pé ohun tí mo bá ti rí àwòrán yẹn lára rẹ̀, Rìnsọ́lá ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Mo wò ó, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ń ka lẹ́tà, èmi ń ka àwòrán, ojú mi kì í sì í gbàgbé.

Ilé ìwé Rìnsọ́lá wá sọ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ elégédé wá, nítorí pé àsìkò rẹ̀ nìyí. Doyin ní òun máa ṣe mọ́fìnnì. Kéèkì kékeré ni, inú bébà ló máa ń jókòó sí, orí rẹ̀ á wá yọ bí ẹni dé fìlà. Ìyẹ̀fun ìrẹsì, ẹyin, oyin, ata ilẹ̀ àti elégédé lòun máa fi ṣe é, kò ní sí fùláwà níbẹ̀, kò ní sí ṣúgà, ara nìkan ló máa ṣe lóore. Ó ń wọn nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ pè é lójijì, ló bá ní Màmá, ẹ ti rí i bí mo ṣe ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ẹ̀. Elégédé inú agolo ló fẹ́ kí n lò. Mo ní elégédé wo ni wọ́n sin sínú agolo? Mo se èyí tó tutù, mo gún un, mo pò ó, ó wá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ìyẹ̀fun ìrẹsì sì ti tán. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé oúnjẹ tirẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, ṣé ohun tó tẹ́ pẹlẹbẹ ló tún máa gbé lọ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ni mo bá bu sẹ̀mó tí mo máa ń rò jẹ sí i, kó lè ki. Sẹ̀mó, gbogbo wa la mọ̀ pé àgbàdo ni. Bánjí tó rà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé wa ní Grand Concourse, tó kàwé títí débí, òun náà ní àgbàdo ni. Mọ́fìnnì náà wú, Àjíkẹ́, ó yọ orí, ó pọ́n. Rìnsọ́lá fẹ́ tọ́ ọ wò, mo gbá a lọ́wọ́, mo ní ó dìgbà tó bá dé ààrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, bàbá rẹ̀ gbé e lọ.

Mo ti sá kóró elégédé náà sójú fèrèsé kí n lè kó o wálé wá gbìn. Ó gbẹ, mo wá ọ̀rá tí màá dì í sí. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kì í sọ ọ̀rá nù. Ọjọ́ tá a ra sẹ̀mó ni mo ti dà á sínú ike, mo ká ọ̀rá rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo fà á yọ, mo tú u, mo gbọ̀n ọ́n, mo yí i sí òdì kejì. Ṣírí ọkà náà rèé, pẹ̀lú irun gígùn rẹ̀. Mo sáré mú ọ̀rá búrẹ́dì, mo tẹ́ méjèèjì síra. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Mo sáré gbé fóònù. Fóònù tí Bánjí rà fún mi, ojú ló fi ń dá mi mọ̀ kó tó ṣí. Mo gbé ojú sí i, òógùn ń dà lára mi, ẹkún wà lójú mi, gèlè ò sí lórí, ó wò mí, kò ṣí. Mo ní èmi ni, ìyá Bánjí ni. Kò mọ̀ mí rí. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ Sàrátù, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo tún gòkè padà, gbogbo ilẹ̀kùn tí mo kàn, kò séèyàn. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti ń gbọ́ rédíò, ilé eléegun yẹn.

Mo dúró síwájú rẹ̀. Ó ń wò mí pẹ̀lú ihò ojú rẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ ikú ni ẹ́, èmi ni kó o mú, èmi ni mo dàgbà. Mo ki ọwọ́ bọ ààrin ìhà rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn.

Àṣé arúgbó bíi tèmi ni Jennifer, orí rẹ̀ funfun, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo ń pe Rìnsọ́lá, gúlútìnì, Rìnsọ́lá, gúlútìnì, mo na ọ̀rá méjèèjì sí i, mo di inú mi mú, mo tẹ̀ ba, mo nawọ́ sí ọ̀nà ilé ìwé. Ó wo àwòrán, ó wo ojú mi, ó tún wo àwòrán. Ó gbé fóònù, ó pe ilé ìwé, wọn ò gbé e. Ló bá mú kóòtù rẹ̀, ọrùn mi ló kọ́kọ́ fi sí, torí ìró àti bàtà inú ilé ni mo wọ̀, ó wá fà mí lọ́wọ́. Ilé ìwé náà ò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ̀pá rìn yìí, èmi ni mo ń sáré tẹ̀ lé e. Ewé ń já lé wa lórí, mi ò tiẹ̀ rántí bẹ̀rù rẹ̀.

Nígbà tá a débẹ̀, Rìnsọ́lá ti bó bébà ìdí mọ́fìnnì náà, ó ti la ẹnu. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbá a dànù lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ wò mí, omi kún ojú rẹ̀, ó ní Gíránmà, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ní ó dùn, mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Àjíkẹ́, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí bàbá rẹ̀. Jennifer ló bá mi ṣàlàyé fún tíṣà, ó ń na ọ̀rá sẹ̀mó sókè.

Nírọ̀lẹ́, Doyin dì mọ́ mi, ó ní a dúpẹ́ pé kò tíì jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí pé kí ni mo fi máa ń ro sẹ̀mó mi. Mo ní ọmọrogùn mi ni. Ó ní ògì Rìnsọ́lá ńkọ́. Mo ní ọmọrogùn mi ni. Ó lọ mú ọmọrogùn náà wá. Ó ní igi máa ń fa nǹkan mu sára ni, Màmá, àlìkámà inú sẹ̀mó ti wọnú rẹ̀, ọṣẹ ò lè yọ ọ́. Bánjí ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mò ń wá kiri, tí mo tìtorí rẹ̀ ń bẹ̀rù elégédé, tí mo tìtorí rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ọwọ́ mi ló wà. Àràárọ̀ ni mo ń fi bọ́ ọmọ náà, tàdúràtàdúrà.

Doyin di ọmọrogùn náà mú níwájú agolo ìdọ̀tí, kò lè sọ ọ́ sí i, torí ìyá ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi náà ò lè sọ ọ́ nù, torí ọjọ́ tí mo wọlé bàbá rẹ ni wọ́n fún mi. Mo gbé e sọdá sọ́dọ̀ Jennifer. Ó rò pé ẹ̀bùn ìdúpẹ́ ni, ó dì mọ́ mi, ó yí i wò títí, ó wá fi há eegun náà lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló wà báyìí.

Inú Rìnsọ́lá ti rọlẹ̀, kò pòṣé mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń padà bọ̀. Sátidé tó kọjá a tún mọ́fìnnì náà ṣe, elégédé inú agolo náà la lò, mo ti gbà. Ọmọ ló ń wọn nǹkan, mo jókòó, mo ki ọwọ́ mi sáàrin itan. Ó ní Gíránmà, ẹ wá bá mi rò ó. Mo ní rárá. Ó fa ọwọ́ mi jáde, ó fi ṣíbí tuntun sí i. Sàrátù, kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo rò ó. Kò wú bíi tàkọ́kọ́, ó jókòó bí mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́, mo sì ṣọ́ ọ di àárọ̀, nǹkan kan ò ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Fowó ránṣẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà ẹ̀yìn ọjà ní Ìlọràá, kó gbẹ́ ọmọrogùn tuntun fún mi, kó má fi ro nǹkan kan wò, kí ìyàwó rẹ̀ náà má fi dán nǹkan wò, kí wọ́n fi aṣọ tuntun wé e. Fi owó díẹ̀ tì í, kí n lè ra ìborùn òtútù kan fún Jennifer, mi ò fẹ́ sọ fún Bánjí. Wọ́n ní ó ṣeé fi ránṣẹ́ láti inú fóònù dé báńkì, má gba ibẹ̀. Fóònù tí ò mọ ojú mi, ṣé owó mi ló máa mọ̀? Fún Mùnírù lọ́wọ́ tó bá ń padà bọ̀ níbí.

Oúnjẹ tẹ́ ẹ bá jẹ ò ní bá yín jà. Ọwọ́ tó o fi ń bọ́ Lékè ò ní di ọwọ́ tó ń ṣe é ní jàǹbá. Ohun tó bá sá pa mọ́ dè yín, Ọlọ́run yóò ya àwòrán rẹ̀ síbi tójú yín ti máa rí i, kó tó pẹ́ jù.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ.

Sàrátù ní àyè ṣì kù nísàlẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà pé tí mo bá ń jáde báyìí, mi ò fẹ̀gbẹ́ rìn mọ́, mo máa ń dúró kí eegun náà, pé ẹ kú ìtọ́jú ọmọrogùn mi. Kò tíì dá mi lóhùn rí. A dúpẹ́.