Sọ́sééjì Tó Di Àwátì ní Porto

Màmá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí: sọ́sééjì tí ẹ dì fún mi ní Brno ti di àwátì. Òun ni mo fẹ́ máa jẹ títí n ó fi padà délé. Ara mi le o, àmọ́ mo ti rù débi pé ṣòkòtò mi kò dúró nídìí mọ́.

Ní ilé àwọn arìnrìn-àjò tí mo wà, oúnjẹ tí kò bá ní orúkọ lára, orí tábìlì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e sí. Mo kọ orúkọ sára tèmi gàdàgbà kí n tó gbé e sínú fíríìjì. Láàárọ̀, mi ò rí i níbẹ̀ mọ́, mo sì bá Joost, ará Holland tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì òkè mi, tó ń jẹ sọ́sééjì.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé ó dùn?"

Ó ní, "Ó dùn gan-an. Vojta, ṣé o ń ṣọ́ ẹnu mi ni?"

Mi ò bá a jà. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo ṣí orúkọ kúrò lára wàràkàṣì rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì ọ̀fẹ́. Kó tó wẹ̀ tán, èmi àtàwọn ọmọ Sípéènì ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀san dùn, Màmá, ó tiẹ̀ tún yó mi.

Ẹ bá mi kí Ludmila àbúrò mi.

Vojta

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná:

ÌKÉDE. Fíríìjì kan bàjẹ́, a ti kó ẹran inú rẹ̀ sí èkejì. Kí Ọ̀gbẹ́ni Vojta wá mú sọ́sééjì rẹ̀. Kí ẹni tó jẹ wàràkàṣì Ọ̀gbẹ́ni Joost tẹ̀ lé e wá.