Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Akújí, Onífọ́tò Àwọn Igún

Ní ọdún 1948, lọ́jọ́ tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú síta, ni a bí bàbá wa sínú ilé bíríkìlà kan àti ìyàwó rẹ̀ tó ń ta aṣọ àlòkù. Bàbá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Ìdílé náà kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gba irọ́ láàyè: ọmọ tó bá purọ́, oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ti di ti àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Bàbá máa ń sọ pé ebi kò pa òun rí nílé yẹn.

Wọ́n ka ìwé dé girama títí di ọdún 1965, nígbà tí àìsàn bàbá wọn dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Wọ́n wá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní òdìkejì òpópónà. Ọ̀gá náà ní ojú ọmọ yìí le, ó ní ó lè tẹjú mọ́ nǹkan títí nǹkan náà yóò fi gbàgbé pé ẹnìkan ń wo òun.

Ní ọdún 1974, wọ́n fẹ́ màmá wa, aránṣọ. Yàrá iwájú kan náà ni àwọn méjèèjì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá lẹ́bàá fèrèsé, kámẹ́rà Bàbá lápá kejì. Bí bọ́tìnnì oníbàárà bá já, Màmá á rán an kí Bàbá tó ní kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, Bàbá á ní kò burú, òun kọ́ ni yóò gbé ojú náà kiri.

Ọdún 1987 ni ọ̀ràn dé. Bàbá ti ń lọ sí pápá ẹsẹ̀ àpáta kan lẹ́yìn ìlú láti máa ya àwọn igún, ẹyẹ tó ti ń tán lọ láyé nítorí àwọn tó ń fi májèlé sínú òkú ẹran. Gbogbo wa la mọ̀ pé òkú ni igún ń jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Bàbá rí igún kan tó já bọ́ láti òkè, tó tẹ ehoro tó ń sáré mọ́lẹ̀, tó sì pa á. Wọ́n sáré yà á, fọ́tò náà jáde bàìbàì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò, ńṣe ni ẹ̀rín sọ. Alága ní Bàbá ló so ehoro náà mọ́lẹ̀, ó sì já fọ́tò náà kúrò lára ògiri lójú gbogbo èèyàn. Ó dun Bàbá dé egungun. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí wọ́n ń wá láyé kò ju ẹyọ fọ́tò kan lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè jiyàn rẹ̀.

Igún kì í sún mọ́ ẹni tó bá ń mira. Nítorí náà, Bàbá kọ́ bí a ti ń kú. Wọ́n á na gbalaja sórí koríko, kámẹ́rà á wà láàárín òkúta lẹ́yìn orí wọn, wáyà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ á wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Àwọn igún á balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró yí wọn ká. Bàbá ní àwọn ẹyẹ náà kì í wo ojú òun. Àyà òun ni wọ́n ń wò, níbi tí èémí ti ń gbé e sókè.

Àwọn ọmọ àdúgbò sọ wọ́n ní Bàbá Akújí. Màmá kò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà rárá. Màmá ní a kì í fi ikú ṣeré. Bàbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Màmá ní ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ṣì máa ń délé jẹun alẹ́. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé kí Bàbá máa bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí wọ́n máa mi àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí awakọ̀ tó ń gbé wọn lọ lè máa rí i láti inú ọkọ̀ lókèèrè, pẹ̀lú awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, Màmá á tẹ awakọ̀ láago láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ: “Ṣé ó ń mì?” Awakọ̀ á ní, “Ó ń mì, Màmá.” Ọkàn Màmá á balẹ̀.

Bàbá kò fi ilé àdúrà ṣeré, iwájú ni wọ́n sì máa ń jókòó. Wọ́n rin ọ̀pọ̀ ìrìn lọ bẹ àwọn olówó ẹran pé kí wọ́n yé fi májèlé sílẹ̀ fún igún. Ní ọdún 2009, wọ́n di alága àdúgbò wa. Ìpàdé kì í pẹ́ láyé ìgbà tiwọn, nítorí Bàbá á tẹjú mọ́ ẹni tó bá ń sọ ìsọkúsọ títí yóò fi jókòó.

Lọ́dún yìí, nítorí pé ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n jù, wọ́n ṣètò kámẹ́rà kó máa ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, àárọ̀ ni wọ́n dùbúlẹ̀. Màmá tẹ awakọ̀ láago lọ́sàn-án, awakọ̀ ní ó ń mì. Màmá tún tẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi bíi pé Bàbá ń jó. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ tí àwọn igún gbéra, awakọ̀ lọ pe Bàbá. Bàbá ti tutù, wọ́n ti le gbagidi. Dókítà ní ọkàn wọn ti dúró láti àárọ̀.

Awakọ̀ búra, ó sunkún, ó ní òun kò parọ́ fún Màmá. Àwa ọmọ kò gbà á gbọ́. A sọ fún un pé oorun ló sùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àbúrò wa obìnrin, tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù, ṣí àwọn fọ́tò tó wà nínú kámẹ́rà. Ehoro la kọ́kọ́ rí, kedere, kò sí okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, igún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Bàbá. A hó yèè! Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú fọ́tò tó tẹ̀ lé e, igún kan dúró ti ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá, ó fi ẹnu mú àtàǹpàkò wọn, ó gbé e sókè. Nínú òmíràn, ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, igún mìíràn gba ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹyẹ náà ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹyọ ọgbẹ́ kan kò sí lẹ́sẹ̀ náà. Nínú gbogbo fọ́tò wọ̀nyí, ìkankan nínú àwọn igún náà kò wo Bàbá. Apá ibi tí ọkọ̀ wà ni gbogbo wọn kọjú sí.

Níwájú gbogbo yín, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò ti ránṣẹ́ pé àwọn yóò gbé fọ́tò ehoro náà kọ́. A dúpẹ́, ó pẹ́ kó tó dé. Dókítà kò lè sọ bóyá Bàbá ṣì wà láàyè nígbà tí igún pa ehoro náà. Màmá ní Bàbá rí i. Àwa kò bá Màmá jiyàn.

Bàbá fi aya wọn sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, káfíńtà àti onífọ́tò, ọmọ-ọmọ méje, àbúrò méjì, àti awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọmọ.

A fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Ẹ ti rí àwọn igún tó wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní òpópónà yìí rí. Wọ́n dé lọ́jọ́ tí a gbé Bàbá wálé, wọn kò jẹ, wọn kò mu, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ òkò lù wọ́n. Màmá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà láti ìgbà yẹn, kò sì sí ohun tó lè gbé Màmá kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi bo ọkọ wọn.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Kí ohunkóhun má mì yín mọ́.