Ẹnìkan, Àmì Kan

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tó dé àti àwọn tó wọlé ọkọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ìyẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè. Ìyàwó Ráímì, àbíkẹ́yìn mi, bí obìnrin, a sì sọ ọ́ ní Àmínátù, orúkọ ìyá yín. Sílífá, ìyàwó àkọ́bí Jímọ̀, bí ọkùnrin. Ọmọ náà kò tíì pé ogójì ọjọ́. Mọ́rufù gbéyàwó láti Ìlemọnà. Sàfúrátù wọlé ọkọ ní Ẹ̀rìn-Ilé. Mo rí yín bí ẹ ṣe gbé ojú sókè. Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ọmọ gidi ni ọkùnrin náà, kò sì bá ará Ọ̀fà kankan jà lórí ilẹ̀ rí.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn àgbà lọ́sàn-án Àtàláátà àti Àlàmísì, tíṣà wa sì sọ pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló dára jù ní kíláàsì. Gbogbo ohun tí ojú mi bá bà lé ni mò ń kà: ara agolo sàdínì, kàlẹ́ńdà, ẹ̀yìn mọ́tò. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní bí wọ́n bá fi ìwé wé àkàrà fún mi, àkàrà á tutù kí n tó kà á tán.

Nígbà tí ẹ mú àbúrò mi Jímọ̀ lọ sílé ìwé, tí ẹ ní kí èmi dúró ti ìyá mi nídìí ebè ọ̀dùnkún, inú bí mi sí yín, n kò sì sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí. Ó ti tán nínú mi. Àbí ẹ ti mọ̀ nígbà náà, tí ẹ kàn dákẹ́?

Ẹ̀yin náà kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹrù tó wà ní tésàn rélùwéè, kò sí àpò tó wọ ọkọ̀ ojú irin tí ẹ kò fi èédú sàmì sí. Oníṣòwò kan, àmì kan. Mo rántí ìyá kan láti Ìjàgbó tó wá bẹ̀ yín kí ẹ fún òun ní àmì méjì, ọ̀kan fún ọ̀dùnkún, ọ̀kan fún àgbàdo. Ẹ wò ó títí, ẹ ní, “Ìyá, ẹni mélòó ni yín?” Ó ní ẹnìkan ni òun. Ẹ ní, “Àmì yín náà nìyẹn, ọ̀kan.” Èmi ni mo ń bá yín di èédú mú. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ó fi ìka dúdú yẹn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹ ó ní àmì tèmi nìyí, kí ọkọ̀ má baà ṣèèṣì gbé mi lọ sí Kánò. Ìyá mi á máa jà pé ó ṣòro láti fọ̀.

Rísìkátù, ọmọ Músílíù ọmọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Kàdúná ló dàgbà sí. Bàbá, iṣẹ́ yín gan-an ló ń ṣe, àfi pé kì í lo èédú. Ilé ìwòsàn kan nílùú wa ló wà, òun ló ń tọ́jú kọ̀mpútà ńlá tí wọ́n kó gbogbo káàdì àwọn aláìsàn sínú rẹ̀. Àwọn kọ̀mpútà kéékèèké wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti níbi tí wọ́n ti ń gba òògùn, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan fúnra wọn; ẹni ńlá yìí ni wọ́n ń bi léèrè. Bí iná ọba bá lọ lójijì, Rísìkátù ló ń sáré lọ wò ó bóyá ó jí dáadáa. Òun ló ń sọ ẹni tó lè wọ inú rẹ̀ àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ó máa ń da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ sórí téèpù, á sì gbé téèpù náà wálé wá fi sínú àpótí aṣọ mi. Ó ní bí iná bá jó ilé ìwòsàn, kò ní jó àpótí mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àìsàn ìlú ṣe wà lábẹ́ ìró mi.

Mo ní kó ṣàlàyé inú ẹ̀rọ náà fún mi. Ó ní ó dà bí àtẹ púpọ̀. Orúkọ èèyàn wà lórí àtẹ kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó wá sílé ìwòsàn wà lórí àtẹ kejì, òògùn tí wọ́n fún un wà lórí ẹ̀kẹta. Wọn kì í tún orúkọ kọ síbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni, nọ́ńbà náà ló sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní, “Ẹnìkan, nọ́ńbà kan, Ìyá.” Mo ní, “Èédú bàbá mi nìyẹn.” Kò yé e, mo sì sọ ìtàn ilé ẹrù fún un títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ohun tó mú mi gbé bírò nìyí. Ìpá tó ti ń dà Jímọ̀ láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ yọ, kò sì wọlé mọ́. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbẹ̀ náà, wọ́n fún Jímọ̀ ní abẹ́rẹ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ há. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Dókítà ní òun kò lè fi ọ̀bẹ kàn án láìmọ̀ ọ́n. Wọ́n wo kọ̀mpútà, kò sí Jímọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà tuntun bí ẹni tí kò wá síbẹ̀ rí. Káàdì àtijọ́ ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó o sínú ẹ̀rọ tán, òjò bà á jẹ́ nínú yàrá tí wọ́n kó o sí.

Nígbà tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní ọwọ́ mi ni ẹ fi Jímọ̀ sí. Ó ti di bàbá àgbà, irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó di ọmọ tí mo ń pọ̀n lọ sóko. Kí ni mo fẹ́ sọ fún yín bí mo bá débẹ̀?

Àwọn kan ní ẹ̀rọ ti jẹ káàdì. Rísìkátù ní bó bá jẹ ẹ́, òun á rí eegun rẹ̀. Ó ka ìwé tí ẹ̀rọ náà máa ń fúnra rẹ̀ kọ nípa ohun tó ṣe lójoojúmọ́; kò rí àṣìṣe kankan. Ó wò ó bóyá ibi ìpamọ́ rẹ̀ ti kún, kò kún. Ó mú téèpù àtijọ́ nínú àpótí mi, ó tú u sórí kọ̀mpútà mìíràn, ó fi wé ti òní; bákan náà ni wọ́n rí. Ó wá ka iye káàdì tí wọ́n kó wọlé nígbà yẹn àti iye èèyàn tó wà lórí àtẹ. Wọ́n pé géérégé. Ó dé ilé, ó ní, “Ìyá, àbúrò yín kò sọnù. Wọ́n wà nínú ibẹ̀. Orúkọ tí a fi ń wá wọn ni wọn kò jẹ́.”

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ orúkọ gbogbo ọkùnrin àdúgbò yín sórí ìwé gígùn kan, ó gbé e wálé lọ́sàn-án, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń wò ó, kò rí nǹkan kan. Èmi wọ gíláàsì mi, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e, nítorí ìwé ni, mo sì ti sọ fún yín bí mo ṣe rí. Gàníyù. Sùlèmánù. Ràfíù. Mo dé ibì kan, ìka mi dúró. Gbajúmọ̀ Tésàn. Mo tún un kà. Mo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

“Ìyá, kí ló dé?”

“Jímọ̀ rèé.”

“Níbo?”

“Ìka mi ló wà lórí rẹ̀ yìí.”

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ìyàwó ilé wa kì í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ tí Sílífá wọlé ló ti sọ Jímọ̀ ní Gbajúmọ̀ Tésàn, nítorí fìlà tó máa ń gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń lọ sí tésàn lọ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí Kàdúná, níbo ni yóò ti mọ̀? Bẹ́ẹ̀ sì ni Sílífá wà lára àwọn tó kó káàdì sínú kọ̀mpútà náà, kó tó lóyún.

Ọ̀kadà ni a gùn lọ sí agboolé. Sílífá ń fún ọmọ lọ́yàn. Ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

“Ẹ káàbọ̀ o, Eyínfúnjowó mi.”

“Eyín wo ló kù? Sílífá, orúkọ wo lo fún bàbá ọkọ rẹ nínú kọ̀mpútà?”

“Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́, Ìyá. Èmi ń ka káàdì sókè, obìnrin kejì ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó kan tiwọn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé kí n la ẹnu mi gbàgà ní ọ́fíìsì, kí n pe bàbá ọkọ mi lórúkọ? Mo rò pé bí mo bá délé, màá sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe. Mo gbàgbé.”

“Irú wọn mélòó ló wà níbẹ̀?” Rísìkátù ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Gbogbo ilé ni o. Títí kan Eyínfúnjowó.”

Rísìkátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú. Sílífá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò bá a wí, Bàbá, ẹ̀yin sì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé yín lọ sílé ìwòsàn yẹn, ní ọdún tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ yín lọ́wọ́ mi. N kò pè é rí láyé mi. Ẹnu mi wúwo. Mo ní Bàbá Alámì, bí àwọn ará tésàn ṣe ń pè yín, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jímọ̀ mú yín padà lọ, ó sọ orúkọ yín gan-an, wọn kò sì rí káàdì. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ sílé. Ẹ kò padà lọ mọ́. Ṣé nítorí káàdì náà ni? N kò tíì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mo ń bi.

Kí Rísìkátù tó yí ohunkóhun padà, ó kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí téèpù. Lẹ́yìn náà, ibì kan ṣoṣo ló ti tún orúkọ Jímọ̀ ṣe, gbogbo àtẹ yòókù sì tẹ̀ lé e, nítorí nọ́ńbà ni wọ́n dì mú. Ó kó ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà tuntun wá sábẹ́ ti àtijọ́, Jímọ̀ méjì sì di ẹnìkan. Abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fún un àti bí ara rẹ̀ ṣe ṣe. Dókítà kà á, ó lo nǹkan mìíràn, ó sì là á láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ó ti jí o, Bàbá. Ó ti ń bú àwọn tó ń se ẹ̀kọ mímu níbẹ̀ pé omi lásán ni.

Rísìkátù kò ní kí Sílífá yí ìṣe rẹ̀ padà. Ó fi ààyè kan kún àtẹ orúkọ, fún orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pe èèyàn, kí wọ́n lè fi ìyẹn náà wá a rí. Nígbà tí Sílífá gbọ́, ó ní Kàdúná kò ba ọmọ wa jẹ́.

Nígbà tó ń tún ti àwọn ará ilé yòókù ṣe ló rí yín. Bàbá Alámì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ pé ẹ lọ, nítorí ikọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ ti kú, nítorí ilé ni ẹ kú sí, nítorí náà, lójú ẹ̀rọ náà, ẹ ṣì wà láàyè. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, “Ìyá, kí ni orúkọ wọn gan-an?” Mo la ẹnu, kò jáde. Mo ní kó fún mi ní bírò. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì: Yésúfù Àkànní. Ṣé inú bí yín?

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Ó ní òun ní láti kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹ ti lọ. Mo béèrè bóyá yóò pa yín rẹ́ ni. Ó ní, “A kì í pa wọ́n rẹ́, Ìyá. Nọ́ńbà wọn á wà níbẹ̀. A ò sì ní fún ẹlòmíràn láéláé.” Mo ní kó kọ ọ́.

Mo ti fi owó sàráà ránṣẹ́ sí mọ́sáláṣí àdúgbò yín. Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ yín sára àpò ìwé rẹ̀, kí ẹni tó bá gbà á lè pè é sókè fún mi. Igba náírà ni.

Èmi ni, ọmọ yín, tí àmì yín kò tíì fọ̀ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.