Iná Pupa Tí O Fi Ránṣẹ́

Ṣèyífúnmi ọmọ mi,

Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Obì so dáadáa ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìtọ̀ ṣúgà mi náà sì ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Iná pupa gbígbóná tí o fi ránṣẹ́ láti fi wo ẹsẹ̀ mi ti dé. Àbúrò rẹ, Tómilọ́lá, máa ń tàn án sí mi lẹ́sẹ̀ kó tó lọ oko. N kò lè dìde pa á. Lánàá mo gbóòórùn ẹran tó ń jó, mo ké sí aládùúgbò wa pé ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná. Ó sáré wọlé, ó ní, "Màmá, gìgísẹ̀ yín ló ń jó!" Ara mi kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Tómilọ́lá ní ẹ̀gbọ́n òun kò lè fi ohun burúkú ránṣẹ́. Òun ló sì ń di fóònù mú tí o bá pè, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Jọ̀ọ́, tìrẹ nìkan ló ń gbọ́: ní kó gbé e kúrò. Ó ti tún tàn án o, ẹsẹ̀ kejì ló kọjú rẹ̀ sí báyìí.

Ìyá rẹ