Ẹ̀wù Bàbá Yín Nínú Fíríìjì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín èrò kò ní gbójú kúrò lára rẹ. (Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àbúrò yín ni mò ń kọ ọ́. Ìyá ń sọ, mò ń kọ, ọwọ́ ti ń ro mí, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo jẹun.)

Fíríìjì tó o fi ránṣẹ́ ti dé. O ṣeun, o ṣeun, o ṣeun, àwọn ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ. Mo gbé omi sínú ẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, omi ti di òkúta. Mo gbé òkúta náà sóòrùn, ó padà di omi. Mo gbé e kaná, ó di ooru, ooru lọ lẹ̀ mọ́ ìdérí ìkòkò, ó tún di omi níbẹ̀. Mo ní ṣebí bí iṣẹ́ àbẹ́là tí mò ń ṣe náà ṣe rí nìyí, mò ń ṣa àjókù rẹ̀, mò ń yọ́ ọ, mò ń dà á sínú agolo, á dì, á di tuntun. Ó wá yé mi pé kò sí nǹkan tí iná ṣe tí òtútù ò lè tún ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ nígbà tí áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀wù funfun bàbá yín, èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ wá lọ́jọ́ tí o máa gba ìwé ẹ̀rí. Ó jó láyà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ká a sáàárín omi dídì, mo ti ilẹ̀kùn fíríìjì. Àbúrò rẹ ní tíṣà àwọn ní ohun tó bá yọ́ ló ń padà, pé ohun tó bá jóná ti di nǹkan mìíràn, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Mo ní kó dákẹ́, tíṣà ẹ̀ ò ní fíríìjì. (Mo dákẹ́. Wọ́n ní mo fajú ro. Bójú mi ṣe rí nìyẹn.)

Bàbá yín wá ẹ̀wù títí, wọ́n bá a níbẹ̀, ó gan bí pákó. Wọ́n bi mí bóyá àwọn ti kú tí mo fi kó aṣọ àwọn sí mọ́ṣúárì. A sá a, ó rọ̀, ó gbẹ, ojú iná náà ṣì ń wò wá. Ni wọ́n bá ní àwọn ò wá mọ́, àwọn ò ní fi àyà jíjóná kó ìtìjú bá ọmọ àwọn láàárín ọ̀mọ̀wé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. (Mo sunkún lẹ́yìn ilé. Ẹ má sọ fún Ìyá.)

Lánàá wọ́n ti oko dé, òógùn bò wọ́n, mo bu omi inú fíríìjì fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ń wo ife náà. Wọ́n ní ọmọ tó jìnnà tó báyìí tó tún rántí ọ̀fun àwọn, ẹ̀wù kọ́ ló máa wò. Wọ́n ń bọ̀!

Jọ̀ọ́, bá wa wá owó ọkọ̀, ibi tí agbára rẹ bá mọ. Má ra ẹ̀wù o, wọ́n ní tiwọn làwọn máa wọ̀. Tó o bá rí bàbá kan tó fi fìlà bo àyà, má rò pé àyà ń dùn ún. Wọ́n ti ń fi dánra wò níwájú dígí láti àárọ̀. Àmọ́ mo mọ̀ wọ́n, tí orúkọ rẹ bá ti dún, fìlà á já bọ́, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n máa fi pàtẹ́wọ́.

Ire rẹ á dì, kò ní yọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.

(Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe owó ọkọ̀ náà ní ti èèyàn mẹ́ta. Ta ló máa bá wọn he fìlà?)