Bí Mo Ṣe Bá Rọ́bọ́ọ̀tì Sọ Ẹrù Kalẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù Kọkànlá. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ láti àárọ̀, òtútù sì mú débi pé ojú fèrèsé ń làágùn.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ yín àti gbogbo ìjọ wa ní Ìlútítun. Mo gbà kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ bí ẹ ṣe béèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà á. Nítorí wọn náà ni n kò ṣe ní sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ilé ìkẹ́rùsí ni. Àwọn ènìyàn ń ra ọjà lórí fóònù, kọ̀ǹpútà á sọ ibi tí ọjà náà wà, àwa á mú un, rọ́bọ́ọ̀tì á sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dì í. Kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀. Ó rí bí àpótí ìjókòó tó ní táyà. Ẹ béèrè bóyá ó ń jẹun: iná mànàmáná ló ń jẹ, ó sì máa ń lọ jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, n kì í bá ju ènìyàn méjì sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n kó àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà dé, èmi àti ọ̀kan pàdé ní ọ̀nà tóóró láàárín àwọn pẹpẹ ọjà. Bí ẹ ṣe tọ́ wa, ẹni tó ru ẹrù ló ni ọ̀nà: mo yà, mo dúró. Òun náà dúró, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ kọjá nígbà tí ènìyàn bá sún mọ́ ọn. Mo ní kó máa lọ, mo tiẹ̀ fi ọwọ́ júwe. Kò mira. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kí n tó ronú, mo ti bá a sọ ẹrù kalẹ̀, bí a ti máa ń ṣe fún àwọn tó ru kẹ́ẹ̀gì epo bọ̀ láti oko. Mo tún kí i pé ó kú iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà ní ẹrù ti pòórá. Iná pupa tàn lórí rọ́bọ́ọ̀tì náà, mẹ́jọ sì tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń dúró gba omi ìyàsímímọ́. Kòfí, ọmọ Gánà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sọ mí di Wòlíì, ó pariwo láti òdìkejì pé kí n tètè ṣe oore-ọ̀fẹ́, kí ìjọ lè túká.

Ọ̀gá wa, obìnrin tó tó ọmọ bíbí mi, pè mí sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, nítorí a ti gbọ́ pé wọn yóò dá ìdajì wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún tó parí. Mo ṣàlàyé àṣà wa fún un ní kíkún. Ó gbọ́ tán, ó ní kì í rẹ rọ́bọ́ọ̀tì. Mo fèsì pé mo ti rí èyí tí iná tán nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ọkùnrin méjì sì gbé e lọ bí aláìsàn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí mo kọ́ nílé ìwé. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ wàyí: iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́ ní pólì.

Ó ní àyè kan ṣoṣo wà fún ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, wọn kò sì ní dá onítọ̀hún dúró. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, títí kan ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tí mo ṣèlérí fún yín. Ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mò ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní yàrá mi mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Bí mo bá wá, n ó jẹ púpurú yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, n ó sì padà wá bá ilẹ̀kùn ní títì.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí eékún má ro yín, kí ọdún tuntun bá yín nínú ayọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti pinnu láti gba iṣẹ́ náà. Fọ́ọ̀mù wà níwájú mi, mo ti kọ ohun gbogbo sí i, ó ku kí n buwọ́ lù ú. Ọjọ́rú ni n ó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Akínyẹlé