Ẹni Tó Ṣí Ilé Ata Mi

Màámi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ kú àmójútó Bàbá. Ara wa le ní Peckham, èmi àti Làmídì ọkọ mi, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Wọ́n ti pa ata yín.

Ẹ rántí irúgbìn ata rodo tí ẹ dì fún mi nígbà tí mò ń bọ̀, èyí tí ẹ jogún lọ́wọ́ ìyá yín, tí kò sí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí àgbàrá ti gbé oko yín lọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbìn. Mo ra ilé ọ̀rá kékeré kan tó ní síípù níwájú, mo gbé e sí àgbàlá tí gbogbo wa jọ ń lò. Oòrùn ibí ń tan ènìyàn ni. Ó lè ràn dáadáa lọ́sàn-án, kí òtútù wá dé lálẹ́ kó pa ohun gbogbo. Nítorí náà, kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́ alẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Forest Hill, mo máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn ọmọ ata náà, màá sì fa síípù pa. Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ta ni mo tún rí bá sọ Yorùbá láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí Làmídì bá ti sùn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ti iṣẹ́ dé, síípù ti ṣí, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ata ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀.

Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àńtí Rísí ni, aládùúgbò wa nísàlẹ̀, tó máa ń ráhùn pé ilé ọ̀rá mi gba ibi tí òun ń sá aṣọ sí. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí i mọ́. Tó bá bi mí pé ṣé ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, màá kàn kọjá. Ní mọ́sáláṣí, bó bá jókòó níwájú, èmi á gbé ẹní mi lọ sẹ́yìn pátápátá.

Ìyẹn ò tíì tó mi. Wọ́n ní aṣeni ń ṣe ara rẹ̀. Mo ní kí n bá Ọlọ́run mú un yá. Àńtí náà ń tọ́ tòmátì sínú ike ní bákóníì rẹ̀. Kò mọ fóònù lò dáadáa, èmi ni mo máa ń sọ fún un bí òtútù bá ń bọ̀, kó lè gbé wọn wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fóònù mi ní òtútù máa mú débi pé ilẹ̀ máa dì. Mo rí tòmátì náà níta. Mo fa kọ́tìn mi, mo jẹ ẹ̀bà mi, ó sì dùn lẹ́nu mi gan-an. Nígbà tí mo rí i láàárọ̀ tó ń kó wọn sínú àpò ìdọ̀tí, mo ní a ti di ọgbọọgba.

Inú mi dùn débi pé mo ròyìn rẹ̀ fún Làmídì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gan-an ló ṣí ilé ata, ẹ̀rù ló ń ba òun láti sọ. Ó ní ẹ rí ata náà nínú fídíò nígbà tí ẹ pe òun, ẹ ní ooru ń pa wọ́n, ẹ ní kí òun ṣí wọn nírọ̀lẹ́ kí ìrì lè sẹ̀ sí wọn lára, bí ẹ ṣe máa ń ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí wọn nílé.

Inú wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò sì rí ẹni tí màá kanra mọ́. A kì í gbẹ̀san lára ìyá ẹni. Làmídì ti ń dá oúnjẹ rẹ̀ sè láti ọjọ́ náà. Àńtí Rísí sì ń kí mi síbẹ̀. Lánàá ló ní kí n bá òun wá irúgbìn tòmátì díẹ̀.

Màámi, ẹ ò mọ̀ pé ìrì ibí ń pa ata. Èmi mọ ohun tí òtútù máa ṣe, mo sì fa kọ́tìn. Ẹnu mi kò lè sọ ọ́ fún Àńtí Rísí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn mọ́sáláṣí wa, torí kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí Àńtí náà kì í kà á.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí ẹ̀yin àti Bàbá, kí ó fún yín ní oko tí omi ò ní dé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Tó bá tún kan ọ̀rọ̀ ata, èmi ni kí ẹ pè.

Ọmọ yín,
Sàídátù